Ìṣirò Ooru Kò Mọ Ibi Tí Ọ̀nà Ọ̀fun Sún Sí

Láti Sùúrùlérè títí dé Ìdúmọ̀tà, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí tó ń múra ìtọ́jú ooru fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège: wọ́n ní ewu ti tán, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti ṣírò ooru tí dókítà máa lò. N kò jiyàn pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, n kò sì ní ìṣirò náà kò wúlò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ewu ti tán.

Okùn tín-ín-rín tí wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan tì dé inú ọkàn ni wọ́n fi ń jó ibi tó ń da ìlù rẹ̀ rú. Iná mànàmáná orí okùn náà fúnra rẹ̀ kì í mú ẹran gbóná ju nǹkan bíi mílímítà 1 sí 2 lọ. Ooru ló ń ràn kọjá ibẹ̀, ó sì tún ń ràn fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná. Ìlànà ìṣirò bí ooru ṣe ń rìn nínú ara, tí onímọ̀ kan, Harry Pennes, gbé jáde ní 1948, láti inú ìwádìí lórí apá ènìyàn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣirò kọ̀ǹpútà yìí ṣì ń lò.

Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà sún mọ́ ẹ̀yìn yàrá òkè apá òsì ọkàn pẹ́kípẹ́kí, ooru náà sì lè ràn dé ibẹ̀ kó ṣe é léṣe. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ bí ẹran àárín wọn ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ mílímítà díẹ̀ ni, kò dọ́gba lára ènìyàn méjì, kò tilẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀nà ọ̀fun tún lè sún sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Àwòrán tí wọ́n ti yà ṣáájú kò ní bá a sún. Àwọn kan á ní àwọn dókítà ti fi ohun tó ń wọ̀n ooru sínú ọ̀nà ọ̀fun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà nìkan ló ń wọ̀n, inú ló sì wà nígbà tí ooru ń ti ìta bọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò tí wọ́n fi àwòrán aláìsàn gan-an ṣe sún mọ́ òótọ́ ju ti gbogboogbò lọ. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀.

Kí ihò lu láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ọkàn ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó ń pani, ó sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Bí ara aláìsàn bá gbóná láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú náà, tí ọ̀fun ń ro ó bó bá ń gbé oúnjẹ mì, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì sọ irú ìtọ́jú tó gbà kí ẹnikẹ́ni tó ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́fun, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà náà fẹ́ lè gba ihò wọnú ọkàn, kó sì dé ọpọlọ.