Bionicle: ìtàn tó dàgbà nínú ohun ìṣeré

Bionicle ni orúkọ ọ̀wọ́ ohun ìṣeré oníke tí ilé-iṣẹ́ LEGO ti ìlú Billund ní Dẹ́nmárkì gbé jáde láti òpin ọdún 2000 títí di 2010, tí wọ́n sì tún jí dìde fún ìgbà díẹ̀ ní 2015 àti 2016. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n pa pọ̀ di orúkọ náà, ọ̀kan jẹ mọ́ ohun ẹlẹ́mìí, èkejì jẹ mọ́ àkọsílẹ̀ ìtàn. Orúkọ náà bá a mu. Ike ló wà nínú agolo, ṣùgbọ́n ìtàn ni àwọn ọmọdé ń rà. Ìtàn kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń sọ bọ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá, débi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá a bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ti di géńdé kí ó tó gbọ́ òpin rẹ̀. Àṣírí kan sì wà ní ìpìlẹ̀ ìtàn náà tí àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tú u fún àwọn ọmọ títí di 2008.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1998 ni ìṣirò ọdún LEGO kọ́kọ́ já sí àdánù láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1932. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìṣeré tó tinú fíìmù Star Wars wá, ọjà náà sì yá. Ó hàn gbangba níbẹ̀ pé ọmọdé a máa fẹ́ràn ohun tó bá ní ìtàn lẹ́yìn. Àmọ́ ìtàn onítàn ni, LEGO sì ń wá èyí tí yóò jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ó ti dán an wò pẹ̀lú Slizer ní 1999 àti RoboRiders ní 2000. Rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké tí wọ́n fi Technic, ẹ̀yà LEGO oníjíà, tò ni àwọn méjèèjì, ìtàn wọn kò jinlẹ̀, wọn kò sì pẹ́ lórí igbá.

Christian Faber wà lára àwọn tó dá ayé Bionicle sílẹ̀. Ayàwòrán ará Dẹ́nmárkì ni, ilé-iṣẹ́ ìpolówó Advance ló ti ń ṣiṣẹ́. Bob Thompson àti Martin Andersen náà wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 1986, àwọn dókítà rí kókó kan nínú orí Faber. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ní láti máa gba abẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀. Bí oògùn náà ti ń wọ ara rẹ̀, ó ń fojú inú rí i bí ẹni pé àwọn ọmọ ogun tíntìntín ló ń wọlé lọ láti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Inú èrò yìí ni Bionicle ti jáde: ara ńlá kan tó dùbúlẹ̀ àìsàn, àti àwọn akọni kékeré inú agolo tí wọ́n rán lọ wò ó sàn. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ ṣáájú gbogbo ọmọ tó ra agolo àkọ́kọ́.

Erékùṣù Mata Nui (2001 sí 2003)

Àwọn akọni tí ìtàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn ni wọ́n ń pè ní Toa. Mẹ́fà ni wọ́n: Tahu tó ni iná, Gali tó ni omi, Kopaka tó ni yìnyín, Lewa tó ni afẹ́fẹ́, Onua tó ni ilẹ̀, àti Pohatu tó ni òkúta. Inú agolo ike gígùn ni wọ́n ń tà wọ́n sí. Bí ọmọ bá ṣí ìdérí, tó da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì, apá á wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìbòjú kékeré kan láàrin wọn. Bí ìtàn náà gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Agolo mẹ́fà léfòó wá sí etíkun erékùṣù Mata Nui, wọ́n ṣí, àwọn Toa sì jáde ní ẹ̀là-ẹ̀là. Àwọn fúnra wọn ló to ara wọn, wọn kò sì rántí ibi tí wọ́n ti wá. Ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì náà kò mọ̀ ju Tahu lọ, Tahu kò sì mọ̀ jù ú lọ. A kò tíì rí ohun ìṣeré mìíràn tí ṣíṣí àpótí rẹ̀ wọ inú ìtàn tó báyìí.

Ní erékùṣù náà, àwọn Toa bá ìlú mẹ́fà, àgbà kan sì ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn àgbà yìí ni wọ́n ń pè ní Turaga. Wọ́n sọ fún wọn pé Ẹ̀mí Ńlá tí erékùṣù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń sùn, pé Makuta arákùnrin rẹ̀ ló kùn ún lóorun, àti pé Makuta ti fi ìbòjú tó ti díbàjẹ́ sọ àwọn ẹranko igbó, àwọn Rahi, di ẹrú rẹ̀. Ìbòjú, tí wọ́n ń pè ní Kanohi, ni agbára Toa wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ohun ìṣeré náà, jíà eléyín kan wà. Bí wọ́n bá fi ìka yí i, apá á fì sókè, ó sì lè gbá ìbòjú kúrò lójú alátakò. Méjì-méjì ni wọ́n ń ta àwọn Rahi nínú páálí kan, kí wọ́n lè bá ara wọn jà. Ẹni tí ìbòjú rẹ̀ bá jábọ́ ti pàdánù, lórí tábìlì àti nínú ìtàn.

Ìwé ìtàn aláwòrán tí DC Comics ṣe, tí Greg Farshtey ń kọ, ló ń gbé ìtàn náà lọ, LEGO sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́ràn erékùṣù náà ni eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Templar Studios ṣe ní 2001. Akọni kọ́ ni ẹni tó ń ṣe eré náà. Takua ni, ará ìlú lásán, ọmọ kékeré oníbòjú aláwọ̀ búlúù tí kò rántí ara rẹ̀, tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Wọ́n ń fi orí tuntun kún un bí ọdún ṣe ń lọ. Ìjà kò pọ̀ níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló pọ̀, etíkun àti ìró omi. Ní 2003, Takua yìí kan náà ló wá di Takanuva, Toa keje, Toa ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fa wàhálà ní 2001. Inú èdè àwọn Māori ti Niu Sílándì ni wọ́n ti mú lára àwọn orúkọ náà láìtọrọ àṣẹ. Tohunga, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pe àwọn ará ìlú, jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀ fún ọlọ́gbọ́n àti onímọ̀ ẹ̀mí láàrin àwọn Māori, kò sì bójú mu kí a fi pe ohun ìṣeré. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. LEGO gbà láti yí díẹ̀ padà: Tohunga di Matoran, Jala di Jaller, Huki di Hewkii, Maku di Macku. Toa àti Kanohi dúró. Nígbà tó yá, ìtàn fúnra rẹ̀ wá àlàyé fún un: wọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan wáyé ní erékùṣù náà, tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ akin gba àtúnkọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí oyè.

Báyìí ni Bionicle ṣe ń ṣe. Ohunkóhun tí ọjà bá fà, ìtàn á wá ìdí fún un. Ní 2003, wọ́n ṣe àwọn Matoran tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìtàn sì sọ pé wọ́n ti tún ara wọn mọ lẹ́yìn ogun. Ní 2002, àwọn Toa nílò ìhámọ́ra tuntun kí wọ́n lè tún tà wọ́n, wọ́n sì bọ́ sínú omi abàmì kan, wọ́n jáde bí Toa Nuva.

Ogun ti 2002 ni ti àwọn Bohrok, kòkòrò onírin tó ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Wọ́n tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń pa gbogbo ohun tó wà lórí erékùṣù rẹ́: igi, òkè, odò, ilé. Kò sí ìkórìíra nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ń fọ ilẹ̀ mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, kó lè padà rí bó ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn Toa dè wọ́n mọ́lẹ̀, gbogbo ọmọdé sì yọ̀. Ó di ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí ó tó yé wọn pé àwọn Bohrok kì í ṣe ọ̀tá.

Ìlú abẹ́ ilẹ̀, àti ohun tó tẹ̀ lé e

Fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní 2003, orí DVD àti fídíò ni wọ́n sì ti wò ó, kì í ṣe ní sinimá. Ní òpin rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lábẹ́ erékùṣù náà, ìlú ńlá kan tó ti ṣófo sì hàn lókèèrè. Metru Nui ni. Lọ́dún méjì tó tẹ̀ lé e, ìtàn padà sẹ́yìn. Àwọn Turaga, àwọn àgbà tí gbogbo ọmọ ti mọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wá di ọ̀dọ́: Vakama tó ń rọ ìbòjú, Nokama tó jẹ́ olùkọ́. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn náà ti jẹ́ Toa rí, pé ìlú náà bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, àti pé àwọn ti pa á mọ́ fún àwọn ènìyàn wọn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Àwọn kan gbà pé àtẹ̀yìnwá yìí gùn jù, pàápàá ti 2005 tí àwọn aláǹtakùn Visorak gbalẹ̀. Lóòótọ́, ó fi ìtàn dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ àwọn àgbà náà di ènìyàn gidi.

Láti 2006 ni ìtàn ti ṣókùnkùn. Ẹ̀mí Ńlá kò kàn sùn mọ́, ó ń kú lọ. Ìbòjú Ìyè nìkan ló lè gbà á là, ó sì wà ní erékùṣù Voya Nui, níbi tí àwọn olè tí wọ́n ń pè ní Piraka náà ti ń wá a. Àwọn Toa Nuva lọ, wọ́n ṣubú. Àwọn tó rọ́pò wọn ni Matoran mẹ́fà tí àwọn ọmọ ti mọ̀ láti àwọn ọdún àkọ́kọ́. Mànàmáná sọ wọ́n di Toa lójú ọ̀nà. Matoro wà lára wọn.

Ta ni Matoro ní 2001? Ògbufọ̀ lásán. Turaga Nuju kì í sọ èdè ènìyàn, èdè ẹyẹ ló ń fọ̀, Matoro ló sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2007, ìbòjú náà rì sínú òkun, ìjà sì tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Mata Nui kú. Matoro ló lé ìbòjú náà bọ́ sínú ihò tó lọ sí àárín gbùngbùn ayé. Bó ti ń já bọ́, ó gbé e wọjú, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbé e wọ̀ kò ní padà. Kí ara rẹ̀ tó yọ́ di ìmọ́lẹ̀ tán, ó fi agbára ìbòjú náà gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ padà. Ẹ̀mí Ńlá padà sí ìyè. Nínú gbogbo ìtàn Bionicle, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ dùn tó sì dunni tó ibí yìí. Ó sì dunni nítorí pé ọdún mẹ́fà ni Matoro ti fi wà ní ìgun yàrá, tí kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àṣírí tú

Ní òpin 2008, àwọn Toa Nuva parí iṣẹ́ wọn ní Karda Nui, Mata Nui sì dìde. Ìgbà náà ni ojú là. Rọ́bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ sínú òkun ni gbogbo ayé tí wọ́n ti ń gbé látìgbà yìí. Gíga rẹ̀ tó 40 mílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà. Karda Nui ni ọkàn rẹ̀. Metru Nui ni ọpọlọ rẹ̀. Erékùṣù tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlú mẹ́fà àti etíkun rẹ̀, orí ojú rẹ̀ ló hù sí. Àwọn Bohrok wá yé gbogbo ènìyàn nígbà yìí: erékùṣù náà ni wọ́n dá wọn fún láti nù kúrò lójú rẹ̀, kí ó lè rí ààyè dìde. Àwọn agolo pẹ̀lú yé wọn. Oògùn ni àwọn Toa.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Bí Mata Nui ti ń dìde, Makuta ti gba ara rẹ̀, ó sì ti ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ inú Ìbòjú Ìyè, ó jù ú sí òfuurufú.

Òpin, àti ìgbà kejì

Ìbòjú náà balẹ̀ sí Bara Magna, aṣálẹ̀ tó jẹ́ ègé kan lára ayé ńlá Spherus Magna tó ti fọ́ sí mẹ́ta. Ẹ̀dá tuntun, orúkọ tuntun ló kún ìtàn 2009, kò sì sí Toa kankan níbẹ̀ tí ọmọ lè dì mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, LEGO kéde pé ọ̀wọ́ náà yóò dópin ní 2010. Ọ̀pọ̀ ohun tí ì bá gba ọdún mélòó kan ni wọ́n fún pọ̀ sínú oṣù díẹ̀. Mata Nui wọ inú rọ́bọ́ọ̀tì àtijọ́ kan, òun àti Makuta dojú kọ ara wọn, ó sì ń fa àwọn ègé ayé náà padà sójú kan bí ìjà ṣe ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ègé tó ń padà bọ̀ ló gbá Makuta lórí, ó sì pa á. Spherus Magna di odindi.

Farshtey ṣì ń kọ àfikún ìtàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di 2011, àwọn ìtàn náà sì dúró láìparí. Hero Factory, ọ̀wọ́ ohun ìṣeré LEGO mìíràn, ló rọ́pò Bionicle lórí àtẹ. Nígbà tí Bionicle padà dé ní 2015, Tahu àti àwọn márùn-ún yòókù ló bá a dé, ṣùgbọ́n erékùṣù mìíràn tó ń jẹ́ Okoto ni wọ́n wà, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kò jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, wọ́n sì dá a dúró ní 2016.

Ní 2023, LEGO fi páálí kékeré kan ṣe ẹ̀bùn fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Bíríkì lásán ni wọ́n fi tò ó. Ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀, Tahu àti Takua.