"Iṣẹ́ Ọmọ Kọ̀ǹpútà Nìyẹn": Ìgbàgbọ́ Òdì Kan Lórí Ààbò Ọkọ̀

Ẹ lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mushin, kí ẹ sọ fún réwáyà kan pé ó yẹ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jalè. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Wáyà lèmi ń ṣe." Ẹ wá kọjá sí Yábàá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rí. Òun náà á ní òun kì í ṣe mẹkáníìkì. Kálukú ń tì í sí ẹnì kejì lọ́rùn, olè nìkan ni kò ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí òbí máa san owó ẹ̀kọ́ tabua fún ọmọ tí kò di mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wáyà mú rí, kí ó sì fi àbúrò rẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá réwáyà sílẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Lójú tèmi, ọmọ kejì yìí ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà iṣẹ́ náà ju bí bàbá rẹ̀ ṣe rò lọ.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ní 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà méjì, jókòó sínú ilé ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba Jeep Cherokee kan mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí títì márosẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rédíò ọkọ̀ náà ni wọ́n bá wọlé. Wọ́n ṣí AC sílẹ̀, wọ́n tan wáípà, nígbà tó yá, awakọ̀ ń tẹ accelerator títí, ọkọ̀ ò sáré mọ́. Akọ̀ròyìn ni awakọ̀ yẹn, ó mọ̀ pé wọ́n máa dán nǹkan wò lára òun, ṣùgbọ́n àyà ṣì já a. Fiat Chrysler wá pe nǹkan bíi 1,400,000 ọkọ̀ padà láti tún wọn ṣe. Àwòrán tó dúró sọ́kàn àwọn ènìyàn ni ti ọkùnrin méjì tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Wọ́n ní, ẹ ò rí i, wọn ò tiẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà.

Wọ́n ti sún mọ́ ọkọ̀ tipẹ́. Ní 2013, àwọn méjèèjì yìí kan náà ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù Toyota Prius kan àti Ford Escape kan palẹ̀, wọ́n fa wáyà jáde, wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò tí àwọn réwáyà wa ń ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ̀, wọ́n sì ń wo ohun tó ń kọjá lórí wáyà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe lè bá sítíárì àti bíréèkì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ máa rí lábẹ́ agbòjò ní Ládípọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti lè jókòó sílé.

Kí ni wọ́n rí lórí wáyà? Ọkọ̀ òde òní kì í ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ọkọ̀, kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, bíréèkì ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn, airbag àti iná iwájú náà ní tiwọn. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló so wọ́n pọ̀, CAN lorúkọ ètò náà. Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ló gbé e jáde ní 1986, nígbà tí kò sí ọkọ̀ kankan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ dín wáyà kù, wọ́n sì fẹ́ kí iṣẹ́ tí brain box kan bá rán sí òmíràn má bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Olè kò sí nínú ìṣirò wọn. Gbogbo iṣẹ́ tó bá gba orí CAN ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tó rán an níbẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ dánfó rí, ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹnì kan á ké "Ó wà o!" láti ẹ̀yìn, dẹ́rẹ́bà á sì wá ibi dúró sí. Kì í yíjú wẹ̀yìn láti bèèrè ẹni tó sọ ọ́, kì í sì í wò ó bóyá onítọ̀hún sanwó. Brain box bíréèkì náà kì í bèèrè. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan wáyà méjì yẹn, tó mọ nọ́ńbà tó yẹ kó pè, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohùn onílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2022 ni mo máa ń sọ fún àwọn réwáyà, torí pé ó bá iṣẹ́ wọn mu ju ti Jeep lọ. Ian Tabor, tí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an jẹ mọ́ ààbò ọkọ̀, jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé wọ́n ti fa bọ́ńpà Toyota RAV4 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti yọ wáyà iná iwájú. Ó rò pé àwọn ọmọ ìta ló kàn fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ṣe é. Kò pẹ́ sí i, wọ́n jí ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó wá àwọn kóòdù àṣìṣe tí ọkọ̀ náà ti fi ránṣẹ́ kó tó lọ, ó rí i pé oríṣiríṣi brain box ló ti ń pariwo pé àwọn ò gbọ́ ara àwọn mọ́. Òun àti Ken Tindell, onímọ̀ nípa CAN, tú u wò títí tí wọ́n fi mọ ọgbọ́n tí àwọn olè náà dá, wọ́n sì gbé e síta ní 2023. Ẹ̀yìn iná iwájú ni wọ́n ti kan wáyà CAN. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ orin Bluetooth ni wọ́n so mọ́ ọn, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ni kọ́kọ́rọ́, ó sì ní kí ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí àwọn kóòdù yẹn díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ réwáyà wa, tí bọ́ńpà ti là, tí iná iwájú ò tàn, kí ni yóò ṣe? Yóò ki skánà bọ̀ ọ́, yóò rí kóòdù tó tò lọ bẹẹrẹ, yóò ní "wáyà ló já, ọ̀gá," yóò so wáyà padà, yóò sì pa gbogbo kóòdù rẹ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú. Oníbàárà á yọ̀, á sanwó. Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Bí mo bá ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo láti kọ́ réwáyà Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní fi kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Màá ní kó ya fọ́tò gbogbo kóòdù kó tó pa wọ́n rẹ́, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì bi ẹni tó ni ọkọ̀ ibi tó sùn mọ́jú.

Àwọn kan á ní, ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni tiwa. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: ọkọ̀ tí kò ní síìmù nínú, ẹnikẹ́ni ò lè jókòó sí òkè òkun kó dá a dúró. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni ihò skánà ti di dandan nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọkọ̀ ọdún 2008, CAN ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fi máa bá skánà sọ̀rọ̀. Camry tí a ń pè ní Muscle wà nínú rẹ̀. Síìmù tí ọkọ̀ náà kò ní, àwa fúnra wa la ń gbé e sí i, torí tracker, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ní 2022, BitSight, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí tracker kan láti Ṣáínà tó ń jẹ́ MiCODUS MV720, irú èyí tó lè gé epo ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Páswọ́ọ̀dù tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ni 123456, àwọn ihò mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gbà darí rẹ̀. Ta ló ń de tracker mọ́ ọkọ̀ l'Ékòó? Réwáyà ni. Òun ló sì yẹ kó sọ fún oníbàárà pé kó yí páswọ́ọ̀dù padà kó tó kúrò níbẹ̀.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ní àwọn ò mọ kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Bí brain box bá jóná, tí wọ́n ra òmíràn ní Ládípọ̀, ẹ́ńjìnnì kì í tan, torí pé brain box tuntun kò mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, tí kò tó èékánná, ló ń rántí kọ́kọ́rọ́ fún un. Wọ́n á fi soldering iron yọ ọ́ lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n á kà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún inú rẹ̀ kọ, wọ́n á sì dá a padà. Ibòmíràn, ẹ̀kọ́ ààbò ọkọ̀ ni wọ́n máa pe èyí, wọ́n á sì gba owó gidi lórí rẹ̀. Níbí, "ó ti ṣe immobilizer" la kàn ń wí.

Ohun tí réwáyà kò ní kò ṣòro láti dárúkọ: Linux, ètò tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, òǹkà tó fi lẹ́tà A dé F kún nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe ń fi àmì ìkọ̀kọ̀ dí ọ̀rọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn ewu tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ á kà yé. Ohun tí ọmọ kọ̀ǹpútà kò ní ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí kò mọ ohun tó so mọ́ wáyà wo lè gbìyànjú nǹkan lára ọkọ̀ tó ń rìn lórí Third Mainland Bridge.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé orí tábìlì ló yẹ kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jókòó tì í pọ̀. Ẹ ra cluster dáṣíbọ́ọ̀dù àlòkù kan, ìyẹn ojú tó ń fi ìsáré ọkọ̀ hàn, ẹ fún un ní iná 12 volt, ẹ fa wáyà CAN rẹ̀ méjèèjì síta, ẹ so rẹ̀sísítọ̀ 120 ohm mọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Réwáyà á fi mítà wọ̀n ọ́n kí iná tó dé: 60 ló gbọ́dọ̀ rí. Bó bá rí 120, orí kan ti já. Bó bá rí nǹkan bíi 40 lára ọkọ̀ oníbàárà, láàárín ihò 6 àti ihò 14 skánà, nígbà tí wọ́n ti tú bátìrì, á jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti so ohun tó ní rẹ̀sísítọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kọ̀ǹpútà á so Linux mọ́ ọn, á tẹ candump, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, láti ka ohun tó ń kọjá lórí wáyà, á sì máa fi cansend fi àwọn iṣẹ́ ránṣẹ́ títí ọwọ́ ìsáré cluster náà á fi gòkè dé 120, lórí tábìlì tí kò ní táyà. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní bi yín léèrè ìdí tí CAN fi nílò ààbò.

Ti ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Ìlànà ISO/SAE 21434 lórí bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jáde ní 2021, òfin UN R155, tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, sì ti de ọkọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Yúróòpù láti oṣù keje 2024. Ẹni tó fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ ló kún inú wọn, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń di mítà mú. Olùkọ́ tó bá ní òun á fi ọjọ́ méjì sọ yín di ọ̀gá nípa wọn, ẹ pa owó yín mọ́ sápò.

Ọ̀rọ̀ òfin kù, àwọn ọ̀gá sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Òfin Cybercrimes ti Nàìjíríà, tó jáde ní 2015 tí wọ́n tún ṣàtúnṣe sí ní 2024, lè mú ẹni tó wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọn ò fún un láṣẹ, kọ̀ǹpútà sì ni brain box. Kí réwáyà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó dán ohunkóhun wò lára ọkọ̀ oníbàárà, kó gba ìwé: orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọjọ́, àti ìbuwọ́lù. Cluster tí ẹ fi owó ara yín rà kò nílò ìwé àṣẹ kankan, ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á.