Wíwá ìṣòro inú autopilot àtijọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré

Autopilot ni ẹ̀rọ tó máa ń bá awakọ̀ òfuurufú di ọkọ̀ mú, kí apá rẹ̀ má fì, kí imú rẹ̀ má sì gbé sókè tàbí tẹ̀ sódò láìnídìí. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Lawrence Sperry, fi irú rẹ̀ dárà nítòsí Paris ní oṣù kẹfà ọdún 1914: ó na ọwọ́ sókè, mẹ́káníìkì rẹ̀ rìn jáde sórí apá ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ń lọ gbọọrọ. Àwọn tó wà nínú Cessna, Piper àti Mooney àtijọ́ ti gbó, àmọ́ kì í sábà jẹ́ inú kọ̀ǹpútà wọn ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá fi wé ènìyàn, jáírò, ohun kékeré tó ń yí kíákíá láti mọ bí ọkọ̀ ṣe dúró tàbí ṣe ń yà, ni ojú, kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ, servo tó ń fa wáyà ìdarí sì ni ọwọ́. Àwọn autopilot bíi Century III àti KFC 150 ń wo jáírò tó ń fi ìdúró ọkọ̀ hàn, èyí tí pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ lára ẹ́ńjìnnì sábà máa ń yí. Àwọn mìíràn bíi S-TEC 50 àti KAP 140 ń wo ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń yà hàn, iná ló ń yí ìyẹn. Nítorí náà, bí pọ́ǹpù bá kú, àwọn ti àkọ́kọ́ á ṣìnà, àwọn ti ẹ̀yìn á ṣì di apá ọkọ̀ mú dọ́gba.

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a pa autopilot, kí a sì fi ọwọ́ wa ọkọ̀ náà níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Ọkọ̀ tí epo inú táńkì rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, tàbí tí wáyà ìdarí rẹ̀ ti dẹ̀, kò sí autopilot tó lè wà á ire. Lẹ́yìn náà, kí a wo ìgbà tí àìsàn náà máa ń hàn. Bí ó bá di apá mú dáadáa ṣùgbọ́n tí kò tẹ̀lé àmì tí awakọ̀ yí sí ọ̀nà tó fẹ́ lórí kọ́ńpáàsì jáírò, ọ̀dọ̀ kọ́ńpáàsì yẹn ni ká lọ. Bí ó bá tẹ̀lé àmì náà, tó wá ń ṣáko nígbà tí a so ó mọ́ rédíò atọ́nà, kò sí ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ servo: servo kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Èyí tí àwọn awakọ̀ ń ráhùn lé lórí gan-an ni kí imú máa lọ sókè sódò láìdúró. Bọ́rọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò, tó ti jẹ nínú mọ́tò servo lè fà á. Kọ̀ǹpútà á ní kí servo yí díẹ̀, servo á há. Kọ̀ǹpútà á fi kún agbára, servo á já lójijì, á kọjá ibi tó yẹ, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Omi tàbí ìjò nínú páìpù kékeré tó ń gbé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ìta wọlé náà lè da ẹ̀yà tó ń mọ gíga ọkọ̀ láàmú. Àwọn kan máa ń dín agbára ìdáhùn kọ̀ǹpútà kù kí ìmì náà lè rọlẹ̀. Wọ́n kàn fi àìsàn pamọ́ ni.

Lórí ilẹ̀, bí a bá tan autopilot tí a yí bọ́tìnnì rẹ̀, ọwọ́ ìdarí yẹ kó rọra tẹ̀lé e. Bí servo bá ń kùn tí ọwọ́ ìdarí kò mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yà tó so mọ́tò servo pọ̀ mọ́ wáyà ìdarí, ló ń yọ̀. Bí kò bá dún rárá, kí a wo bíréékà, súwíìṣì ìtúsílẹ̀ àti ojú wáyà. Ojú wáyà tó dógùn-ún máa ń tan ènìyàn jẹ: a fa àpótí kọ̀ǹpútà yọ, a tì í padà, ó dára, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó tún dé. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ borí servo. Bí kò bá lè ṣe é, kí wọ́n má lo autopilot náà rárá.

Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, Part 43 tó dá lórí àtúnṣe ọkọ̀, gba awakọ̀ tó ni ọkọ̀ láàyè láti yọ àwọn rédíò kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kó sì dá wọn padà, ṣùgbọ́n ó yọ autopilot kúrò nínú àyè náà. Àwọn kan ti fi autopilot GFC 500 ti ilé-iṣẹ́ Garmin, tí servo rẹ̀ kò ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ jáírò nìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tún autopilot ṣètò mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè máa fì sápá kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jáírò náà tuntun.