Bí Agbára Ṣe Ń Pín Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Tọmọdé Tàgbà Jọ Ń Lò Nínú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo, láti Òkè-Fìà títí dé Òkè-Baálẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà fún gbogbo ará ilé. Àgbà ń fi tọ́jú ìṣirò ọjà àti ìwé iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ń múra ìdánwò JAMB, èyí tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, ń fi dánra wò. Àwọn àbúrò kéékèèké sì ń fi ṣe géèmù tàbí wo fíìmù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá ń falẹ̀, tí fáìlì bá sọnù, tàbí tí ìpolówó tí kò bójú mu bá ń yọjú lórí rẹ̀, ọmọdé ni gbogbo ilé máa ń nàka sí. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ọmọdé. Windows, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ní ètò tí ó fi ń pín agbára láàárín àwọn tí ń lò ó, àgbà tí ó ra ẹ̀rọ ni kò lo ètò náà.

Oríṣi àkáǹtì méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkínní ni ti administrator, ìyẹn alákòóso: ẹni tí ó bá wà lórí rẹ̀ lè fi sọ́fítíwíà tuntun sínú ẹ̀rọ fún gbogbo ènìyàn, ó lè pa ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó lè ṣí fáìlì ẹlòmíràn, ó sì lè pa àkáǹtì ẹlòmíràn rẹ́. Èkejì ni standard user, olùlò lásán, ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tọ́jú fáìlì rẹ̀, kí ó sì tún ojú ẹ̀rọ ṣe bí ó bá ti wù ú, ṣùgbọ́n tí kò lè fọwọ́ kan ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà tuntun, àkáǹtì àkọ́kọ́ tí Windows ń dá sílẹ̀ jẹ́ ti alákòóso. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí: àkáǹtì kan yẹn ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀, nígbà mìíràn láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà rárá.

Sọ́fítíwíà kì í ní àṣẹ ti ara rẹ̀. Àṣẹ ẹni tí ó ṣí i ni ó ń lò, gẹ́gẹ́ bí ẹmẹsẹ̀ ṣe ń gbé àṣẹ ọba tí ó rán an dé ibikíbi tí ó bá yà sí. Láti ìgbà tí Windows Vista ti jáde fún aráàlú ní ọdún 2007, Microsoft, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Windows, ti fi ìdènà kan sí ojú ọ̀nà yìí: bí sọ́fítíwíà bá fẹ́ ṣe ohun tí ó kan gbogbo ẹ̀rọ, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, ìbéèrè kan á sì yọ jáde. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń retí ni ó yàtọ̀. Lórí àkáǹtì alákòóso, títẹ Yes lẹ́ẹ̀kan ti tó. Lórí àkáǹtì olùlò lásán, ẹ̀rọ kò ní gbà àfi bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso. Ọmọdé tí ó fẹ́ kí géèmù rẹ̀ ṣí kíákíá kò ní ka ohun tí a kọ síbẹ̀, yóò tẹ Yes. Àgbà tí iṣẹ́ ń lé léré náà yóò tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ya àkáǹtì alákòóso sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì máa fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, títí kan ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Apá tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ gbọ́, bí ẹni pé a fẹ́ dín ọlá wọn kù. Ṣùgbọ́n í-meèlì ẹ̀tàn tí a fi ránṣẹ́ sí àgbà yóò lo àṣẹ àgbà náà bí ó bá ṣí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìbàjẹ́ rẹ̀ yóò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ilé. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a óò ṣí Settings, a óò wọ Accounts, a óò dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀, a óò sọ ọ́ di administrator, a óò fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, a óò sì wọ̀ ọ́ wò láti mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èyí bá dájú nìkan ni a tó lè ti inú rẹ̀ sọ àkáǹtì àtijọ́ àgbà di standard user. Fáìlì rẹ̀ kò ní kúrò ní àyè wọn. Lẹ́yìn náà ni a óò dá ti ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Bí àwọn ẹbí bá sì kún ilé ní oṣù kẹjọ nítorí ọdún Ọ̀ṣun, a lè dá àkáǹtì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àlejò, kí a sì pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti padà sílé.

Ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù tàbí oríkì, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, tí a tò pọ̀, rọrùn láti rántí, ó sì ṣòro láti méfò. Bí ọmọ bá nílò sọ́fítíwíà tuntun, kí ó pe àgbà, kí àgbà sì kọ́kọ́ ka orúkọ tí ó wà níwájú Publisher nínú ìbéèrè tí ẹ̀rọ gbé jáde. Bí Unknown bá ni ó wà níbẹ̀, Windows kò lè fìdí ẹni tí ó ṣe sọ́fítíwíà náà múlẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí a béèrè ibi tí ọmọ náà ti rí i.

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an lórí sọ́fítíwíà ìdánrawò JAMB, nítorí orí fíláàṣì ni ó máa ń gbà dé láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ kan sí òmíràn. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí ó gbajúmọ̀ lórí fíláàṣì, tí ó máa ń fi àwọn fódà gidi pamọ́, tí ó sì ń fi shortcut, ìyẹn àmì tí ń ṣí nǹkan mìíràn, tí ó jọ wọ́n rọ́pò wọn. Láti Windows 7 ni Microsoft kò ti jẹ́ kí ohun tí ó wà lórí fíláàṣì máa ṣí fúnra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n shortcut yìí kò nílò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́ ni ó ń dúró dè. Bí sọ́fítíwíà kan bá sì sọ pé kí a kọ́kọ́ pa Microsoft Defender, ìyẹn ohun tí Windows fi ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, kí ó tó lè ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fi ń sọ Windows tí a kò sanwó rẹ̀ di ojúlówó ti máa ń sọ, kí a yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Àkáǹtì olùlò lásán ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn sọ́fítíwíà kan, Chrome wà lára wọn, lè wọ inú àkáǹtì ọmọ láìbéèrè àṣẹ alákòóso. Fáírọ́ọ̀sì tí ń ti fáìlì pa, tí ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, lè ba gbogbo fáìlì ẹni tí ó ṣí i jẹ́, bí kò tilẹ̀ lè dé inú àkáǹtì ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a bá ní kí búráúsà fi pamọ́ wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sórí àkáǹtì tí a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí náà kí àgbà tí ó ń lo báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì máa tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú L láti fi ti ojú ẹ̀rọ pa kí ó tó dìde.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Àkáǹtì alákòóso ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín tàbí ti ẹni tí ó tún un ṣe lè ṣì wà nínú rẹ̀, èyí ni ó fi dára láti lo Reset this PC, kí a sì mú Remove everything nínú rẹ̀ láti pa gbogbo ohun àtijọ́ rẹ́, kí a tó kó ohunkóhun sínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá sì ti ọ̀dọ̀ àtúnṣe dé, kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kí a sì wò bóyá àkáǹtì àjèjì ti wọ àárín àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Ní ti ojúlé búburú orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni DNS, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àdírẹ́sì ojúlé kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Cloudflare ti ṣí DNS ọ̀fẹ́ fún àwọn ìdílé, 1.1.1.3 àti 1.0.0.3, tí kì í fúnni ní àdírẹ́sì ojúlé oníhòòhò àti ti fáírọ́ọ̀sì. Ní àwọn ìlú tí wáyà tàbí ráútà kan ṣoṣo ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, orí ráútà ni a ń tẹ nọ́ńbà yìí sí. Ní Òṣogbo, hotspot fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, fóònù tòní sì lè yàtọ̀ sí tàná, èyí ni ó fi yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, fún wi-fi kọ̀ọ̀kan tí ó ń lò, láti inú àkáǹtì alákòóso. Olùlò lásán kò lè yí i padà. Síbẹ̀, búráúsà kan lè máa lọ béèrè àdírẹ́sì níbòmíràn bí a bá tan Secure DNS tí ó wà nínú rẹ̀, VPN, sọ́fítíwíà tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn, náà sì ń gba ẹ̀yìn DNS yìí kọjá. Microsoft Family Safety, ètò tí òbí fi ń ṣọ́ ọmọ lórí ẹ̀rọ, lè fi kún ìdènà yìí, nítorí ó máa ń dí àwọn búráúsà mìíràn, kí ọmọ lè máa lo Edge, búráúsà Microsoft, tí ó ń ṣọ́. Ó sì lè dá iye wákàtí tí ọmọ yóò lò lórí ẹ̀rọ. Kí a sọ fún ọmọ pé a ti tan án, nítorí pé ọmọ tí ó bá ṣàwárí pé a ń ṣọ́ òun níkọ̀kọ̀ kì í mú ìṣòro rẹ̀ tọ àgbà wá mọ́. Kò sì sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó tó gbígbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀, níbi tí ènìyàn ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Owó dátà máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ hotspot wọn di metered, ìyẹn èyí tí a ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lò, Windows á sì dẹ́kun gbígba púpọ̀ nínú àtúnṣe (update) rẹ̀. Kí a máa yọ ọ́ kúrò ní metered lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lórí dátà òru tí owó rẹ̀ dínkù, nígbà tí bátìrì bá kún, nítorí bí iná bá lọ láàárín àtúnṣe, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́. Ní ti Windows 10, Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan àfikún. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò lè gba Windows 11 nítorí kò ní TPM 2.0, ohun ààbò kan tí ń wà nínú ẹ̀rọ, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí irú wọn, ètò alákòóso àti olùlò lásán sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀dà fáìlì ni ó kù. Kí a máa da ìwé iṣẹ́ àti fọ́tò ẹbí kọ sórí háàdì díìsìkì tí a ń yọ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá lò ó tán, nítorí fáírọ́ọ̀sì tí ó bá bá a lára ẹ̀rọ yóò ti òun náà pa. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a gbé e sára kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní àrùn, kí a sì ṣí fáìlì díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà tí a ṣe ni ó máa ń pé.