Apínná ámpù gìtá: èwo la ó fi rọ́pò èyí tó jó?

Irin wíwúwo tí wọ́n wé wáyà sí, tó máa ń wà lẹ́yìn ámpù onítúùbù (èyí tó ń fi àwọn ìgò tí à ń pè ní túùbù gbé ohùn gìtá ga), ní orúkọ mẹ́ta lẹ́nu àwa tí à ń tún ámpù ṣe ní Ìbàdàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ṣini lọ́nà. Àwọn kan ń pè é ní sìtẹ́ẹ̀pù-dáùn. Àwọn mìíràn ní tìráńsífọ́mà lásán. Àwọn tó fẹ́ kó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé wá gbé “ayí-agbára-padà” kalẹ̀. Apínná lèmi ń pè é, mi ò sì ní yẹ̀ lórí ẹ̀, torí orúkọ tí ẹ bá pè é ni wọ́n máa tà fún yín.

Sìtẹ́ẹ̀pù-dáùn ni èyí tó ń sọ 230 fọ́ltì di 110 fún ẹrù Amẹ́ríkà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ámpù onítúùbù ń gbé kan sókè, ó ń já òmíràn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú 230 tó wọlé, ó lè mú 325 jáde fún púléètì àwọn túùbù (irin inú wọn tó ń gba fọ́ltì gíga), 6.3 fún fílámẹ́ńtì wọn (wáyà inú wọn tó ń gbóná), àti 5 fún túùbù rẹ́kítífáyà (èyí tó ń sọ iná AC di DC) bí ámpù náà bá lò ó. Bí ẹ bá dé ọjà Ògùnpa tí ẹ béèrè sìtẹ́ẹ̀pù-dáùn, òun náà ni wọ́n á gbé fún yín, ẹ ò sì lè bá wọn jà. Tìráńsífọ́mà lásán kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ méjì ló wà nínú ámpù kan. Èkejì ló ń gba ohùn lọ́wọ́ túùbù ńlá fún sípíkà. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà lè ra ẹ̀kejì dípò àkọ́kọ́.

“Ayí-agbára-padà” ló ń dùn mí jù, nítorí àwọn tó gbé e kalẹ̀ fẹ́ràn èdè wa bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára gan-an ni ohun tí ẹ̀rọ yìí kì í yí padà. Fọ́ltì ló ń yí. Bí fọ́ltì bá gòkè, ámpíà (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) á wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Agbára tó wọlé ló ń jáde, àfi ìwọ̀nba tó bá ooru lọ. Kò yẹ ká fi orúkọ tó tako iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ọmọ iṣẹ́. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn pé “pín” kò sọ pé fọ́ltì ń gòkè tàbí pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Lóòótọ́, kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ ra tuntun, ohun tí à ń wá ni iye ìpín tó wà, bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe tó, àti bóyá ẹni tó ń pín in lè gbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ apínná, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ẹ wo alásè níbi ìnáwó. Ìkòkò kan ló gbé kaná, àmọ́ bó ṣe ń bù ú fún kálukú yàtọ̀. Àwọn àna kò pọ̀, abọ́ ńlá ló ń gbé fún wọn. Àwọn ọmọdé ń gba ṣíbí kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Púléètì ni àna: fọ́ltì gíga, ámpíà díẹ̀. Fílámẹ́ńtì ni ọmọdé: fọ́ltì kékeré, ámpíà rẹpẹtẹ. Bí ó bá gbé abọ́ àna fún ọmọdé, inú ọmọ á run. Bí àwọn tó ń jẹun bá sì ju ìkòkò lọ, alásè ló máa gba ìtìjú.

Nítorí náà, fílámẹ́ńtì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Túùbù ńlá 6L6GC kan ń gba 0.9 ámpíà, túùbù kékeré 12AX7 kan ń gba 0.3. Ámpù tó ní 6L6GC méjì àti 12AX7 mẹ́rin ń fẹ́ 3 ámpíà ní 6.3 fọ́ltì, èyí tó lè gbé 4 ni kí ẹ rà. Bí ẹnì kan bá ti yọ 6L6GC yẹn, tó fi túùbù ńlá EL34 méjì sí i, 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpapọ̀ ti di 4.2. Mo fura pé irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ apínná tí wọ́n ń kó wá fún wa.

Lẹ́yìn náà, ti púléètì. Ẹ má fi wáàtì ámpù rà á. “Ti ámpù 50 wáàtì” kò sọ ohunkóhun. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó jó, tàbí kí ẹ wo àwòrán sákíìtì rẹ̀. Bó bá jẹ́ 325 lápá kọ̀ọ̀kan, tí dáyóòdù, kì í ṣe túùbù, sì ni rẹ́kítífáyà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.414: nǹkan bí 460 fọ́ltì kí àwọn túùbù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kàpásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná pa mọ́) tí wọ́n kọ 450 sí lára ti wà nínú ewu nìyẹn. Bí tuntun bá sì ga ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún báyáàsì, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n iye iná tí túùbù ńlá ń fà, ṣe.

Ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, iná wa jẹ́ 230 fọ́ltì, 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz nìkan ní Amẹ́ríkà kò yẹ wá, kódà bí ẹ bá fi sìtẹ́ẹ̀pù-dáùn síwájú rẹ̀, torí sìtẹ́ẹ̀pù-dáùn kì í yí Hz. Irin inú rẹ̀ lè máa gba òòfà tó fi ìdá kan nínú márùn-ún ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ. Á máa gbóná, á máa kùn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 50/60 Hz sí. Bó bá ní ojú àbáwọlé 230 àti 240, 240 lèmi máa ń so, torí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Bí iná bá gòkè dé 260, ojú 230 á gbé 7.1 fọ́ltì fún fílámẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ 6.9 ni kò yẹ kó kọjá.

Bóyá irin náà rí roboto tàbí onígun mẹ́rin, ìyẹn kò kàn wá, bó bá ṣáà ti wọ àpótí.

Ẹ lè tún èyí tó jó wé, àwọn tó mọ̀ ọ́n wé dáadáa wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wé fáànù àti sìtábíláísà kì í sábà kọjá 240 fọ́ltì. Tiwa, láti ìkangun kan dé èkejì (325 lápá méjèèjì), 650 ni. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi bébà ìdáàbòbò tó nípọn sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ mọ̀ bóyá apínná ló kú lóòótọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná, ẹ fa iná inú kàpásítọ̀ tán, torí ó lè pani lẹ́yìn tí ẹ ti pa ámpù. Ẹ tú gbogbo wáyà àjáde, ẹ lẹ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má fara kanra, ẹ wá so gílóòbù 100 wáàtì onífílámẹ́ńtì mọ́ ọ̀kan nínú wáyà àbáwọlé, kí iná tó ń wọ apínná gba inú rẹ̀ kọjá. Bí gílóòbù bá tàn yòò, apínná ti jó. Bó bá ràn bàìbàì tàbí kó má tàn, ó ṣeé ṣe kó wà láàyè, kí ẹ sì lọ yẹ dáyóòdù, kàpásítọ̀ àti àwọn túùbù ńlá wò.