Ẹ̀rọ Ìtukọ̀ Inú Jímù: Ohun Tó Wà Nídìí Ṣéènì Náà

Bí iná bá lọ ní jímù kan ní Kàbà, ẹ̀rọ ìsáré á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń sáré lórí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fi tówẹ́ẹ̀lì nu ojú, á máa retí kí ẹnì kan lọ tan jẹ́ńẹ́rétọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rọ gígùn kan bá wà ní igun, tí ìjókòó rẹ̀ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin, tí ọwọ́ ìfà rẹ̀ sì so mọ́ ṣéènì, ìyẹn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé iná lọ. Ẹ̀rọ ìtukọ̀ nìyẹn, èyí tó ń fara wé kí èèyàn máa fi àjẹ̀ tukọ̀ lójú omi. Ẹni tí kò bá gun irú rẹ̀ rí á yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì padà sídìí ohun tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun àjèjì kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fa okùn jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fa okùn yẹn, nǹkan á yí nínú. Bí wọ́n bá dẹ ọwọ́, okùn á padà wọlé fúnra rẹ̀, ohun tó ń yí kò sì ní bá a padà. Ìdajì kejì wà lára kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ máa ń gba agbára bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ wà á síwájú, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá dúró, á ṣì máa yí lọ. Bí ẹ̀rọ ìtukọ̀ ṣe rí náà nìyẹn: fífà ni wíìlì inú rẹ̀ ń gbà, kì í gba ìpadà. Okùn rọ́bà kan tó fara pamọ́ ló ń fa ṣéènì wọlé.

Ti kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Ní 1981, Dick àti Pete Dreissigacker, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Vermont ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi láti 1976, fi wíìlì kẹ̀kẹ́ gidi ṣe ẹ̀rọ ìtukọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn, Concept2, gbé jáde. Irú tòde òní ní abẹ̀bẹ̀ lára wíìlì, wọ́n sì fi àgò bò ó, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn náà ni.

Abẹ̀bẹ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sí irin tí wọ́n to léra wọn tí èèyàn ń gbé sókè. Afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ ń gbá, afẹ́fẹ́ ló sì ń dí i lọ́wọ́. Bí èèyàn bá rọra fà, afẹ́fẹ́ á rọra dí i. Bó bá fi gbogbo ara fà, afẹ́fẹ́ náà á le sí i. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà fi lè lo ẹ̀rọ kan náà tẹ̀léra láìyí ohunkóhun padà. Ohun tí kálukú bá mú wá ló máa bá níbẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ náà máa ń sọ iye àkókò tí ẹni tó jókòó yóò fi tukọ̀ dé mítà 500 bí ó bá ń bá a lọ bó ṣe ń fà á. Ẹni tí ojú ẹ̀rọ bá kọ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ fún ń lo agbára tó tó wáàtì 104. Bó bá fẹ́ kí ó di ìṣẹ́jú méjì géérégé, wáàtì 203 ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré ló yọ kúrò, iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba owó rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ kí eré di ìlọ́po méjì yóò san ìlọ́po mẹ́jọ agbára. (Bí ó bá ṣe é fi wáyà gbà lára èèyàn, èèyàn márùn-ún tó ń tukọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì sí mítà 500 ni yóò gbé áyọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ wáàtì 1000. Wọn ò sì ní pẹ́ rẹ̀.) Iná tí ojú ẹ̀rọ ń lò gan-an, ara wíìlì tó ń yí ló ti ń wá bí iṣẹ́ bá ń lọ, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì ló ń gbé e bí wíìlì bá dúró.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò náà ni ọ̀pá kékeré kan wà, tí wọ́n kọ 1 sí 10 sí. Ibẹ̀ ni àwọn géńdé ti ń ṣìnà. Bí wọ́n bá ti jókòó, 10 ni wọ́n máa ń tì í sí, kí àwọn tó wà nítòsí lè mọ̀ pé alágbára dé. Ọ̀pá yẹn kò wọn agbára ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ lásán ni. Ní 10, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọlé, wíìlì á tètè rọlẹ̀ láàárín ìfà kan sí èkejì, ìfà tó tẹ̀lé e á sì wúwo bíi ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di ẹrù iṣu kún. Ní 3 tàbí 4, wíìlì á ṣì máa sáré nígbà tí ọwọ́ bá tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀pá náà rẹ́ ẹ̀rọ jẹ. Nígbà tí ọwọ́ ìfà bá ń padà lọ, ẹ̀rọ á máa wo bí wíìlì ṣe ń dẹwọ́ eré sí, á fi ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dí i tó. Drag factor ni wọ́n ń pe iye yẹn, òun ni ẹ̀rọ sì fi ń mọ iṣẹ́ tí èèyàn ṣe gan-an. Iṣẹ́ kan náà, iye kan náà, ì báà jẹ́ 3, ì báà jẹ́ 10. Ohun tí 10 fi kún un fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ju ẹ̀yìn ríro lọ.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá dí ihò àgò, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà wọlé dáadáa mọ́, 4 ti oṣù Ṣẹẹrẹ á wá fúyẹ́ ju 4 ti oṣù Okúdù lọ lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tó bá rò pé agbára òun ti pọ̀ sí i ní kíákíá, kí ó kọ́kọ́ wo eruku.

Ó ku ara. Apẹja tó ń tukọ̀ lójú Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà kọjú sí ibi tó ń lọ, ìjókòó rẹ̀ kì í kúrò lójú kan, nítorí náà apá àti èjìká ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ọkọ̀ tí ẹ̀rọ yìí ń fara wé yàtọ̀: ọkọ̀ eré ìje ni, ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń kọ sí ibi tó ń lọ, ìjókòó rẹ̀ sì ń yọ̀. Nítorí pé ìjókòó ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ fi di ọ̀gá. Ẹni tó bá ti rí ọmọdé tó ń fi apá nìkan fa okùn jẹ́ńẹ́rétọ̀ tí kò sì jí, ọ̀rọ̀ yìí á yé e. Àgbà tó bá dé á fẹsẹ̀ múlẹ̀, á fi ìbàdí sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa jí. Lórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ tì nígbà tí apá ṣì nà gbọnrangandan; bí orúnkún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, ẹ̀yìn á rọra ṣí sẹ́yìn láti ìbàdí; lẹ́yìn náà ni apá á wá fa ọwọ́ ìfà dé abẹ́ àyà. Ní ìpadà, apá ló ń ṣáájú, ìbàdí tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ kẹ́yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí orúnkún ti ká sókè kí ọwọ́ tó kọjá. Ọwọ́ ìfà á gba orí orúnkún fò, ṣéènì á máa gbọ̀n sókè sódò. Àṣìṣe kejì ni ìkánjú. Ìpadà yẹ kó gbà tó ìlọ́po méjì àkókò tí fífà gbà. Ogún ìfà láàárín ìṣẹ́jú kan tó fún ọjọ́ kìíní. Àwọn tó ń dije ní mítà 2000 ni wọ́n ń kọjá ọgbọ̀n.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó jókòó síbẹ̀. Fún àwọn yòókù, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe márùn-ún sí i. Ìwọ̀n tó rọrùn jù nílẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè Kàbà, ni ìkíni: bí ẹnì kan bá wọlé tó ní “Òkun o,” tí ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ sì lè dá a lóhùn tán láìmí gúlegúle, eré náà bá a mu. Bí orí nìkan ló lè mì, kí ó dẹwọ́.

Kó tó dìde, kí ó bá ọwọ́ ìfà náà rìn dé àyè rẹ̀. Bó bá jù ú sílẹ̀, okùn rọ́bà yẹn á já a gbà, á gbá a mọ́ ara àgò, gbogbo jímù á sì yíjú wo ẹni tó ṣe é.