Nígbà tí egbò ti jinná, tí fáírọ́ọ̀sì ṣì ń jáde

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ní hẹ́píìsì ojú ara máa ń bi dókítà: "Egbò ti jinná, nǹkan kan ò dùn mí mọ́. Ṣé mo ṣì lè kó o ran ìyàwó mi?" Ìbéèrè náà wúwo, torí ilé ẹlòmíì lè dàrú lórí ìdáhùn rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló máa fi dáhùn. Èyí tó tún jẹ́ olùwádìí á gbé e wọ inú lábù. Bí Lawrence Corey àti Anna Wald ṣe ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń tọpa kì í dúró sójú kan. Tí HSV-2, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa hẹ́píìsì ojú ara, bá ti gba awọ ibẹ̀ wọlé, yóò gba inú iṣan ìmọ̀lára gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn iṣan náà ti pàdé, yóò sì sùn síbẹ̀. Agbára ara kì í lè lé e kúrò. Ọjọ́ tó bá jí, ọ̀nà tó gbà gòkè náà ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Roro olómi á yọ, á bẹ́, á di egbò, egbò á jinná.

Láti mọ ohun tó ń lọ láàárín egbò kan sí òmíràn, wọ́n kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa fi òwú nu ojú ara wọn lójoojúmọ́ fúnra wọn, nílé. Wọ́n wá ń yẹ òwú yẹn wò pẹ̀lú PCR, àyẹ̀wò tó lè rí fáírọ́ọ̀sì bó ti wù kó kéré tó. Ìwádìí irú èyí kan tó jáde ní 2011 tọpa èèyàn 498. Nínú àwọn tí egbò máa ń yọ lára wọn, fáírọ́ọ̀sì hàn ní nǹkan bí ọjọ́ 20 nínú 100. Nínú àwọn tí egbò ò yọ lára wọn rí, ọjọ́ 10 nínú 100 ni. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ ká ronú lé lórí jù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé àrùn kankan wà lára àwọn.

Oògùn wà, acyclovir, tó jáde láti ọ̀dọ̀ ikọ̀ Gertrude Elion ní ilé-iṣẹ́ apoògùn Burroughs Wellcome. Corey wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò lára aláìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọgbọ́n inú rẹ̀ jinlẹ̀: oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ kankan títí dìgbà tó bá dénú sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wà. Ẹ́ńsáìmù fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ìyẹn èròjà tó fi ń ṣiṣẹ́, ló ń jí i. Tó bá ti jí, ó jọ ọ̀kan lára ohun tí fáírọ́ọ̀sì fi ń kọ́ DNA rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì á mú un lò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á sì dúró sí. Àmọ́ èyí tó ń sùn lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn kì í kọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí oògùn ò fi lè pa á tán.

Ṣùgbọ́n ṣé ó lè dáàbò bo ẹnì kejì? Ní 2004, èsì ìwádìí lórí tọkọtaya 1,484 jáde, tí ọ̀kan nínú wọn ní HSV-2, tí èkejì ò ní. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn tó ní i fi ń lo valacyclovir, ọmọ ìyá acyclovir, tàbí hóró tí kò ní oògùn nínú. Lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn, ẹnì kejì 14 ló kó o. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, 27. Ó dín in kù sí bí ìdajì, kò dí i pátápátá.

HSV-2 tún máa ń jẹ́ kó rọrùn fún HIV láti wọlé. Wọ́n retí pé acyclovir á dí ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n èsì tó jáde ní 2008 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Seattle gé bíńtín lára awọ tó ti jinná, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbógunti-àrùn tí HIV fẹ́ràn láti wọ̀ ṣì kóra jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí kan àwọn tó ń lo acyclovir lójoojúmọ́.